Àpótí èéfín orí gáàsì: oṣù mẹ́rin tí mo fi ń yan ẹran nínú kíṣìnì l'Ádó

₦22,000 ni mo san fún wẹ́dà kan lójú ọ̀nà Ìkéré kó tó bá mi ṣe àpótí yìí, owó ẹlẹ́ẹ̀kejì sì nìyẹn o, torí èyí tó kọ́kọ́ ṣe, ó bà á jẹ́, ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀ ná. Àpótí irin lásán ni. Ó gùn tó 40 cm, ó fẹ̀ tó 28, gíga ẹ̀ ò ju 15 lọ, ìdérí ẹ̀ ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ bíi ti páálí ìṣáná. Ẹ máa gbé e ka gáàsì, ẹ ó bu lẹ́búlẹ́bú igi díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ ó to ẹran sórí wáyà tó wà nínú ẹ̀, ẹ ó tì í pa, èéfín á máa yí po níbẹ̀. Kò ní plọ́ọ̀gì, kò ní bọ́tìnnì, kò sí nǹkan tó lè yọnu lára ẹ̀ àfi tí ẹ bá jẹ́ kó dípẹtà.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kí ló dé tí mi ò kàn lọ ra ẹran yíyan ní Ọjà Ọba kí n sinmi. Mo ti ń rà á tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni bá rà á kò mọ irú igi tí wọ́n fi dáná abẹ́ ẹ̀, kò mọ iye ọjọ́ tó ti wà lórí àtẹ, ṣebí gbogbo wa náà la ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi táyà sun pọ̀nmọ́ rí, òórùn yẹn ò kúrò nímú mi títí di òní. Àti pé mi ò ní ẹ̀yìnkùlé. Fúláàtì oníyàrá méjì là ń gbé lọ́nà Ìwòròkò, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ mẹ́ta, ẹ̀yìn wíńdò kíṣìnì mi, ògiri ilé ẹlòmíì ni. Ibo ni n bá gbé àrò sí?

Ohun tí mo ń wá gan-an ni ẹran òkè àjà. Ní kíṣìnì ìyá ìyá mi n'Íkọ̀lé, àjà wà lókè àrò, ọparun ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, ó ti dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, ibẹ̀ ni ọ̀yà tí wọ́n là sí méjì máa ń wà, àti ẹja, àti àgbàdo tí wọ́n fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Iná tí wọ́n fi se iṣu láàárọ̀ àti èyí tí wọ́n fi se ọbẹ̀ lálẹ́, èéfín wọn náà ló ń lọ bá ẹran yẹn lókè. Kò sẹ́ni tó ń jókòó ṣọ́ ọ. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, á ti gbẹ, á ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí wọ́n bá wá jù ú sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ojúde làwọn èèyàn ti máa ń gbóòórùn ẹ̀ kí ọbẹ̀ tó hó. Bí mo bá ń ti igi mọ́ iná jù, Màmá á pariwo mọ́ mi, "Dín uná kù o, ṣé o fẹ́ jó ulé ni?" Èmi rò pé nítorí ilé ni. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ẹran ló ń bẹ̀rù fún.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ wẹ́dà. Ọmọkùnrin yẹn mọṣẹ́ o, géètì tó ṣe ládùúgbò wa pọ̀, kò sí èyí tó yẹ̀ nínú wọn. Mo ya àpótí náà sórí pépà fún un, mo ṣàlàyé pé páànù dúdú ni mo fẹ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi síǹkì bò bíi páànù òrùlé, torí síǹkì kì í ṣe nǹkan téèyàn ń gbé ka iná kó wá to oúnjẹ sínú ẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ó ti yé mi." Ó yé e lóòótọ́, páànù dúdú tó nípọn dáadáa ló lò. Ọjọ́ tí mo lọ gbé e, àpótí ń dán yinrin lóòrùn bíi ọkọ̀ tuntun. Ó ti fi ọ̀dà sílífà kùn ún tinú tẹ̀yìn! Mo ní, "Àbúrò, kí lo ṣe yìí?" Ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ kó fani mọ́ra ni, mi ò tiẹ̀ ní gbowó ọ̀dà lọ́wọ́ yín." Mi ò mọ ohun tí n bá sọ. Mo gbé e relé, mo ní màá sun ún níta kí ọ̀dà jó kúrò, ó bó níbì kan, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ níbì kan, òórùn ẹ̀ sì lé gbogbo ará ilé wọlé. Àpótí yẹn ni ọmọ mi fi ń kó spánà bàbá ẹ̀ sí báyìí.

Èkejì ni mo jókòó tì í kó fi ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe tiyín, ẹ má jẹ́ kó kàn fi iná gán etí páànù mọ́ra níbi mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ ní kó jó o pọ̀ yíká, torí ibi tó bá ṣí sílẹ̀ ni èéfín máa gbà wọ pálọ̀ yín. Ẹ sì jẹ́ kó fi àwo pẹrẹsẹ kan sí àárín lẹ́búlẹ́bú igi àti wáyà. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí ọ̀rá tó ń kán láti ara ẹran, tó bá kán sórí igi tó ń rú èéfín, yóò jó, èéfín ọ̀rá tó jó ni ẹran yín máa mu. Kí ẹ tó lò ó rárá, ẹ fi òróró pa á lára tinú tẹ̀yìn, ẹ gbé e ka iná lófìfo fún bí ìṣẹ́jú 30 bí a ṣe máa ń ṣe agbada tuntun.

Adìẹ tí mo kọ́kọ́ ṣe nínú ẹ̀, a ò lè jẹ ẹ́. Ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Ọmọ mi kékeré tó máa ń jẹ ohun gbogbo, ó gbé e sílẹ̀ ó ní "Mọ́mì, ó ń rùn bíi jẹ́n." Gbogbo ohun tí kò yẹ kéèyàn ṣe ni mo ṣe lọ́jọ́ yẹn, mo bu lẹ́búlẹ́bú ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta, ilé ìlagi ni mo ti lọ gbé e wá láìbéèrè irú igi tó jẹ́, mo tan gáàsì dé òpin, adìẹ náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi ni, omi ń kán lára ẹ̀. Èéfín tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí funfun, ó nípọn bí òwú. Mo tiẹ̀ ń yọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.

Èéfín tó funfun tó sì nípọn bẹ́ẹ̀, igi tí kò jó dáadáa ló ń sọ bẹ́ẹ̀, òun ló ń mú ẹran korò tó sì ń fi nǹkan dúdú bí ọ̀dà lé e lára. Èyí tí ẹ ń wá ni èyí tó tín-ínrín, tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, tó bá kọjá níwájú iná wíńdò á jọ búlúù díẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi síbí ìjẹun méjì péré ti tó fún bí ìṣẹ́jú 25, ẹ gbà mí gbọ́. Kí gáàsì wà láàárín títí èéfín á fi yọ, lẹ́yìn náà ẹ yí i wálẹ̀ pátápátá. Igi náà ò gbọdọ̀ gbiná, kó kàn máa pọ́n lábẹ́lẹ̀ ni. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé ìyá àgbà tí kò kàwé ti sọ èyí fún mi láti ọdún wo.

Ní ti igi, ẹ má lọ ilé ìlagi bíi tèmi. Orísìírísìí igi ló máa ń dà pọ̀ níbẹ̀, àwọn mìíì ni wọ́n ti fín lóògùn kòkòrò, àwọn mìíì sì ń sun oje, igi olóje ò dáa fún oúnjẹ rárá. Máńgòrò tó ti gbẹ ni mò ń lò jù, gúáfà náà dáa, ọsàn dáa, kájú dáa. Èmi àti ọkọ mi ló ń fi àdá fá a wẹ́wẹ́, a máa ń sá a sóòrùn kó gbẹ kan. Ẹnì kan bi mí pé kòkó ńkọ́, ṣebí Èkìtì la wà, kòkó ló pọ̀ lóko wa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé wọ́n ń fín oògùn tó ní kọ́pà nínú sí kòkó kí èso ẹ̀ má baà dúdú kó rà, igi tí wọ́n ti ń fín láti ọdún gbọọrọ, mi ò ní gbé e sábẹ́ oúnjẹ ọmọ mi. Tí ẹ bá ní kòkó àdáyébá tí kò sẹ́ni tó fín in rí, ìyẹn yàtọ̀.

Kí ara ẹran gbẹ. Mo máa ń fi iyọ̀ pa á lára lálẹ́, mo máa gbé e sí fíríìjì láìdé e, tó bá di àárọ̀ ara ẹ̀ á ti gbẹ, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ díẹ̀. Ara tó bá lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lèéfín ń dì mọ́, èyí tó bá tutù, èéfín á kàn sọ ọ́ di kíkan. Tí kò bá síná ní fíríìjì, ẹ gbé e sábẹ́ atẹ́gùn fún wákàtí kan péré, kí ẹ fi àwọ̀n bò ó nítorí eṣinṣin, kó má pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí torí ó ṣe pàtàkì. Nígbà ọyẹ́, mo gbọ́ tí ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ pé òun ti rí ọ̀nà tó rọrùn jùyí lọ, òun kàn gbé àdògán eléèédú sínú kíṣìnì, òun ti ìlẹ̀kùn kí èéfín má baà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò láéláé. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èédú tó ń jó, carbon monoxide lorúkọ ẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, orí á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín, òòyì á kọ́ yín, oorun á máa kùn yín, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í jí lórí oorun yẹn mọ́. Lójú ẹni tó ń kú lọ, kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Síbí igi méjì inú àpótí tó sé pa kì í ṣe ẹgbẹ́ èédú àdògán kan, síbẹ̀ náà mi ò kì í ṣe é láìṣí wíńdò méjèèjì àti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, fáànù pálọ̀ á kọjú síta, mi ò sì ń jẹ́ káwọn ọmọ sùn nígbà tó bá wà lórí iná.

Bàbá onílé ti wá kan ìlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan. "Ìyá Dàmi, ṣé kò sí o? Mo rí èéfín." Mo ní, "Kò sí nǹkan o Bàbá, ẹran ni mò ń yan." Ó ní, "Nínú ilé?" Mo gbé àwo adìẹ fún un, ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí mo ṣe nìyẹn, ìyẹn ti dáa. Ó jẹ ẹ́ tán pátá, ó fi ọwọ́ nu ẹnu, ó ní kò dùn tó tàwọn ìyá òun n'Íjerò, àti pé Sátidé nìkan ni kí n máa ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà dòní.

Ohun tó yé mi nígbà tó yá ni pé àpótí yìí ò lè ṣe iṣẹ́ àjà tán. Iná ti sún mọ́ ẹran jù nínú ẹ̀. Èéfín ló lè fún un, kò lè fún un ní àkókò. Adìẹ bùrọ́ìlà tí ara ẹ̀ rọ̀, ìyẹn lè jinná níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 40 sí 50 tí ẹ bá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ (mo ra témómítà alábẹ́rẹ́, mo máa ń kì í bọ ibi tó nípọn jù kó má kan egungun, tó bá ti pé 74°C ó ti jinná, mi ò ń wo àwọ̀ mọ́, torí èéfín máa ń jẹ́ kí ẹran pupa nínú kódà tó bá jinná). Ṣùgbọ́n màlúù, ọ̀yà, adìẹ léyà tó ti gbó, àbí ewúrẹ́, irọ́ ni. Ẹ óò jẹ rọ́bà.

Àbúrò mi ọkùnrin ò gbà. Ó ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe igẹ̀ màlúù ní Texas l'Amẹ́ríkà, wákàtí 12 nínú èéfín, ó ní òun fẹ́ ṣe é nínú àpótí mi. Ó ra igẹ̀ kílò mẹ́ta lọ́wọ́ alápatà. Nígbà tí témómítà dé 68°C ó dúró gbagidi. Wákàtí kan, ó wà níbẹ̀. Wákàtí méjì, 70. Ó ń yí gáàsì sókè, mò ń yí i wálẹ̀, ó ní témómítà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹran ń làágùn ni, omi tó ń jáde lára ẹ̀ tó ń gbẹ ló ń tù ú lára, bí òógùn ṣe ń tù wá lára lóòrùn, bí iná ṣe ń gbóná tó náà ni omi ń jáde tó. Tí wọ́n bá fẹ́ kó kọjá ibẹ̀ wọ́n á wé e sínú fọ́ìlì tàbí pépà. Kó tó ronú kan ìyẹn, gáàsì mi ti tán, ìyókù sílíńdà 12.5 kg tí mo rò pé á gbé wa dé ìparí oṣù. Ẹran náà ò sì rọ̀, torí kì í tiẹ̀ ṣe irú màlúù kan náà. Tàwọn ará Texas, inú ọgbà ni wọ́n ti ń fi àgbàdo bọ́ ọ sanra, ọ̀rá wà láàárín ẹran ẹ̀. Tiwa fẹsẹ̀ rìn kiri igbó láti òkè Ọya, iṣan ló kù lára ẹ̀. Igẹ̀ lorúkọ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n igẹ̀ kan náà kọ́.

Iṣan yẹn gan-an ló wá dára tí ẹ bá fún un ní àkókò. Nǹkan funfun tó lágídí tó so ẹran pọ̀ mọ́ra yẹn, tó bá ti ń gba nǹkan bí 70°C lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ díẹ̀díẹ̀, tó bá wá sún mọ́ 90 á máa yọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n wákàtí ló ń jẹ, ẹ ò lè fi iná ńlá lé e. Tó bá yọ́ tán, omi ẹran yẹn á dì bíi jẹ́ẹ̀lì tó bá tutù, ẹran á sì máa bọ́ lára egungun fúnra ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé ìṣẹ́jú 25 sí 30 nínú àpótí, kó gba èéfín, kí ara ẹ̀ pọ́n, lẹ́yìn náà ó bọ́ sínú ìkòkò pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata ilẹ̀, aáyù, ata rodo díẹ̀, omi tí kò ju kọ́ọ̀bù kan lọ, á wá máa sè jẹ́jẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹsẹ̀ màlúù tí mo ṣe báyìí lọ́jọ́ Àjíǹde, tí mo fi omi ẹ̀ ro ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, tí a fi jẹ iyán, ìyá ọkọ mi bi mí pé ta ló mú ẹran wá láti oko. Mo dákẹ́.

Èyí ló wá mú mi dé ọ̀rọ̀ ìkòkò oníná tó ń se nǹkan jẹ́jẹ́, slow cooker tí gbogbo èèyàn ń pariwo ẹ̀. Mo ti ní in kí n tó ní àpótí, lítà mẹ́ta àbọ̀, amọ̀ dídán ni inú ẹ̀, nǹkan bí 200 wáàtì ló ń jẹ, tó túmọ̀ sí pé wákàtí mẹ́jọ ò lè ju yúníìtì kan àbọ̀ àti díẹ̀ lọ. Iná ẹ̀ kò wọ́n rárá. Àwọn tó ní sólà àbí ínfátà tó lágbára, ẹ rà á, ẹ ò ní kábàámọ̀. Low àti high tó wà lára ẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ wọn, ooru kan náà ni méjèèjì ń dé nígbẹ̀yìn, high ló kàn yára ju low lọ. Kí ẹ má sì máa ṣí i wò ṣá, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 ni ẹ jí nínú àkókò ẹ̀. Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín, ẹ má gbé e síbẹ̀ láìkọ́kọ́ fi iná gidi bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 10, májèlé wà lára ẹ̀ tí iná jẹ́jẹ́ ò lè pa.

Èmi ò ní sólà. Lọ́jọ́ Sunday kan, mo to ẹran màlúù kílò méjì sínú ẹ̀ ní aago méje àárọ̀, a lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a dé ní aago méjì, ìkòkò ń gbóná, iná ń jó, òórùn dídùn gba pálọ̀, mo ti ń gbé odó sílẹ̀. Ọmọ aládùúgbò kan ló wọlé wá gba omi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà. Ọlọ́run bá yín ṣe é o, bí ẹ ṣe jáde báyìí ni wọ́n mú iná lọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni kò tíì tó wákàtí kan." Orí mi fò lọ. Ẹran yẹn ti wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bíi wákàtí márùn-ún, kò gbóná tó láti pa kòkòrò àrùn, kò tutù tó láti dá wọn dúró. Láàárín 5°C sí 60°C ni wọ́n ti ń pọ̀ jù. Ọkọ mi ní, "Ṣé a ò kàn lè tún un bọ̀?" Kò ṣeé ṣe, torí àwọn kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé tí ẹ bá pa wọ́n tán, májèlé tí wọ́n ti tu síbẹ̀ kò ní kú. Kílò méjì. Mo dà á nù tomijé tomijé, mi ò tiẹ̀ fún ajá. Tí kì í bá ṣe ọmọ yẹn, a ò bá ti jẹ ẹ́.

Nítorí náà mo gbé ìkòkò oníná sórí àpótí aṣọ, mo lọ gbé kúlà jáde. Kúlà ńlá tí a fi ń gbé ìrẹsì lọ òde àríyá, òun náà ni o. Ẹran tó ti kúrò nínú àpótí èéfín, mo máa sè é lórí gáàsì kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 30, ìkòkò gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, torí ìkòkò tí kò kún kì í pẹ́ tutù, lẹ́yìn náà màá dé e pinpin, màá fi ìró àtijọ́ méjì wé e, màá gbé e sínú kúlà, màá ti ìdérí. Tó bá di wákàtí mẹ́ta mo máa kì témómítà bọ̀ ọ́, ó máa ń wà lókè 70 nígbà náà, mo máa gbé e padà sórí gáàsì kó hó, ó di inú kúlà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹran léyà tó gbó tó jẹ́ pé gáàsì odindi wákàtí méjì ló ń jẹ tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 45 iná lápapọ̀ ti tó o báyìí. Kò sí ẹni tó lè mú iná kúlà lọ.

Àwọn obìnrin ilé wa náà ti ń ṣe tiwọn, oníkálùkù pẹ̀lú ọgbọ́n tiẹ̀. Alhaja tó wà ní fúláàtì kejì ló kọ́ mi pé kí n po fùláwà pẹ̀lú omi, kí n fi dí etí ìdérí, èéfín ò ní jáde rárá, tó bá gbẹ ẹ kàn máa fi ọ̀bẹ tú u ni. Ìyàwó tísà tó wà lókè ò ra àpótí rárá, ó tẹ́ fọ́ìlì sínú ìkòkò àlúmíníọ́mù ẹ̀, ó da ìrẹsì, ṣúgà àti ewé tíì sí i dípò igi, ó gbé wáyà lé e. Mo tọ́ ọ wò lára ẹja títùs, ó dùn, ó ní adùn kan bíi ṣúgà tó jóná, àwọn ará Ṣáínà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ìkòkò ẹ̀ ti wú síta, kò jókòó dáadáa mọ́, torí ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ò ṣeé gbé ka iná lófìfo. Ẹni tó bá ní ìkòkò irin àtijọ́ tó wúwo nílé, kò tiẹ̀ nílò ₦22,000 mi yìí. Èmi fúnra mi ló mú ewé eéran wá, tó bá kúrò nínú èéfín mo máa ń fi wé e kí n tó gbé e sínú ìkòkò, ó ń fi òórùn tiẹ̀ kún un, ó sì ń jẹ́ kí adìẹ má fọ́.

Nǹkan tí mi ò fẹ́ràn nípa àpótí yìí ò pọ̀. Ó wúwo. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbóná torí irin kan náà ni, ẹ ní kí wẹ́dà fi igi sí tiyín. Kótìnì mi ti ń rùn bíi ìsọ̀ ẹlẹ́ja. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tí ẹ gbàgbé láti fi òróró pa á, kó tó di ọ̀la á ti dípẹtà. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ẹran tó jáde níbẹ̀ ti di ẹran gbígbẹ o, ti àjà ló ń pẹ́ nílẹ̀ torí omi ti tán lára ẹ̀, tèyí ò ju ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ ní fíríìjì, àbí kí ẹ gbé e sí fírísà.

Mo fún un ní 8 nínú 10, kúlà ni mo fún ní 9, ìkòkò oníná 4, ẹ̀bi tiẹ̀ kọ́.

Ohun kan tó kù ni gíga àpótí náà. Ọ̀yà ò wọ inú ẹ̀ kódà bí ẹ bá là á sí méjì, ìdérí á máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀. Mo padà lọ bá wẹ́dà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó bá mi ṣe òmíì tó ga tó 25. Ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí n wá gbé e ní Friday. Mo ti ń lọ nígbà tó pè mí padà.

"Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ńkọ́, kí n fi ọ̀dà díẹ̀ kàn án?"